Rélùwéè Tí Kò Gba Odìgbó

Bí àwọn àgbà bá ń ṣe ìrántí ayé rélùwéè nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ìlú kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: Ìdó, Ẹbúté-Mẹ́ta, Agége, Lafẹ́nwá, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin. Odìgbó kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Kò sì lè sí, nítorí ojú irin kankan kò gba ìlú méjèèjì yìí láti ọjọ́ tí òyìnbó ti gbé irin àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó títí di òní. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé bí olùfẹ́ rélùwéè bá ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin kí ó sì tún fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, kò ní ohunkóhun í wá dé gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé ìtàn rélùwéè wa kò tíì pé bí a kò bá sọ ọ́ láti ibi tí rélùwéè yà sílẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi Sátidé wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ẹbúté-Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, Odìgbó sí Ọ̀rẹ̀ ló yẹ kí ó fi Sọ́ńdè rìn. Ohun tí irin ṣe fún ìlú tí ó gbà kọjá, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí ó ṣe fún ìlú tí kò gbà ṣòro í rí, àfi bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Oǹdó. Ìjà ló bí i. Láyé ìgbà náà, àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ló di ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó wọ inú ilẹ̀ lọ mú. Bí inú bá bí wọn, wọn a ti ibodè, iyọ̀ àti ìbọn kò ní dé Ìbàdàn, epo àti èkùrọ́ kò sì ní dé Èkó. Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Golóbà, pinnu láti wá ọ̀nà tí yóò yí àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ní 1872 ni ọ̀nà náà là. Oníṣòwò a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, a gba orí ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì lọ sí ìlà oòrùn títí dé agbègbè Àtìjẹrẹ àti Ayésàn. Níbẹ̀ ni ẹrù yóò ti bọ́ sórí aláàárù, tí wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ la igbó gúúsù Oǹdó já dé Òde Oǹdó, Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Agbègbè igbó yìí ni Odìgbó àti Ọ̀rẹ̀ jókòó sí. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà yìí ni ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ránṣẹ́ sílé gbà dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn. Kí á má ṣe àsọdùn, ìbọn nìkan kọ́ ló dá ogun Ìbàdàn dúró. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kò bá rí ọ̀nà gbà, inú àká Èkó ni ì bá wà. Fún bí ogún ọdún, igbó tí àwọn èèyàn ń kà sí ẹ̀yìn ayé yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ńlá ilẹ̀ Yorùbá.

Kò sí ogun kankan nínú igbó Oǹdó tí ó ti ilẹ̀kùn náà. Ìbọn tí òyìnbó yìn ní Ìmàgbọn ní 1892 ló ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwé àdéhùn tí Gómìnà Carter gbé kiri ní 1893 láàárín Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló sì ṣí ìyókù. Bí ọ̀nà tí ó kúrú ti là, ta ni yóò tún máa yí lọ sí ìlà oòrùn? Kí ìdáhùn tó balẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ṣí ojú irin Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí yóò fi di 1912, irin ti so Èkó mọ́ Kánò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1916 ni afárá Jẹ́bà tó parí. Irin kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 1,067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Wọ́n mú un tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí owó, nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè yí òkè po níbi tí irin fífẹ̀ yóò ti fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ òkè náà já. Ẹ wo ohun tí Òṣogbo rí gbà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ìran bàbá wọn ń gba Oǹdó lọ sí Èkó yí ojú padà sí tẹ́ṣàn Òṣogbo. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló nínú wọn ti ń gba aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri abúlé. Ọjà tí ó kúrò ní ojú ọ̀nà kan kò parẹ́, ibòmíràn ló kó lọ, tòun ti ilé oúnjẹ, ilé ìsùn àti owó orí ẹrù tí ó ń bá a rìn. Bí Òṣogbo ṣe gbòòrò ni igbó Odìgbó padà di igbó.

N kò dá àwọn ẹnjiníà náà lẹ́bi. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní èrò, Odìgbó kò ní. Igbó gúúsù Oǹdó kún fún odò, òjò ibẹ̀ sì pọ̀. Bí a bá gbé ìwé ìṣirò fún èmi náà ní 1895, ó ṣeé ṣe kí n fa ìlà mi síbi tí wọ́n fà á sí. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí ó tọ́ fún ẹni tí ó ṣe é lè náni lówó níbòmíràn, iye tí ó sì náni náà jẹ́ ara ìtàn.

Ayé tí irin dá sílẹ̀ ládùn, a kò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ páálí líle kékeré, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ, tí oníṣẹ́ rélùwéè yóò fi irin jẹ lára kí èrò tó wọlé. Aago tẹ́ṣàn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ìlú pé ìṣẹ́jú márùn-ún lè ya ẹni tí ó lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kù sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń rọra wọlé, àwọn tí ó ń tajà a sáré tẹ̀lé fèrèsé, ọwọ́ kan a na àkàrà sókè, èkejì a na síwájú gba kọ́bọ̀. Ní Èkó fúnra rẹ̀, láti 1902 títí di 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń ti Ìdó gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní àwọn ọdún yìí, kí ni ó ń lọ ní ìhà Odìgbó? Omi àti orí èèyàn ló ń kó ẹrù. Agbábù, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó lónìí, jẹ́ èbúté lórí odò Olúwa; ẹrù a sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè, a wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí ọ̀sà. Gẹdú inú igbó náà, omi ló gbà. Wọn a so ìtì igi pọ̀, wọn a sì máa tì í lórí odò àti ọ̀sà fún ọjọ́ pípẹ́ títí yóò fi dé Oko-Bàbà ní Ẹbúté-Mẹ́ta, níbi tí àwọn alágẹdú yóò ti là á sí pákó. Ẹbúté-Mẹ́ta yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ ńlá rélùwéè wà. Ìtì igi Oǹdó ń léfòó lọ bá ọkọ̀ ojú irin tí kò lè wá bá a. Ohun mìíràn tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Agbábù yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wá epo ní Nàìjíríà. Láti nǹkan bí 1908 títí di 1914, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Bergheim, gbẹ́ kànga ní agbègbè náà. Bítúmẹ́nì ló wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀dà tí a fi ń tẹ́ títì. Ilẹ̀ tí kò rí irin sùn lé ọ̀dà lórí, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí títì gidi tó dé bá a.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni a ń ṣe ìrántí irin amúnisìn sí. Ṣé ìfẹ́ wa ló mú kí wọ́n tẹ́ ẹ ni, àbí ẹ̀pà, òwú, kòkó àti tánńganran tí wọ́n fẹ́ kó dé èbúté? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni èèyàn ti lè rí òótọ́ náà ju ibi tí irin kò dé lọ? Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ka iwájú, kí ẹ fi ìka tọ ojú irin. Ọ̀kan ti Èkó lọ sí òkè, èkejì ti Pọ́tákọ́tù lọ sí òkè, àwọn méjèèjì sì pàdé ní Kàdúná. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Enúgu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí Kàdúná, nínú ilẹ̀ Haúsá, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ padà. Ní 1964 irin dé Màídúgùrì, ní etí aṣálẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìlà kan tí ó dábùú gúúsù láti Èkó sí Bìní. Àárín ibi tí ìlà yẹn ì bá gbà gan-an ni Ọ̀rẹ̀ wà. Irin tí ó wà fún èèyàn yóò so ìlú mọ́ ìlú. Èyí tí a jogún so oko mọ́ ọkọ̀ òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí á gbàgbé pé àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí irin náà kò jókòó tì í bí ẹrú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn wà ní iwájú ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí ó ju oṣù kan lọ, nítorí owó gbà-máà-bínú ọjà tó wọ́n. Ohun tí amúnisìn gbé wá fún èrè ara rẹ̀ náà ni wọ́n fi dá a lọ́wọ́ kọ́. Nítorí náà n kò rí ìdí tí ìrántí irin fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyìn òyìnbó.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó sọ pé Ọ̀rẹ̀ rí ṣe láìsí irin, ó tiẹ̀ ṣe é ju àwọn ìlú tẹ́ṣàn lọ. Wọ́n ní ẹ̀rí. Kí wọ́n tó la ọ̀nà Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní lẹ́yìn òmìnira, ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Bìní máa ń gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀nà tuntun náà gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ó sì pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ni gbogbo Nàìjíríà mọ ohun tí oríta yẹn jẹ́: àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo kó sòdí sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí Èkó, Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. Títí di òní, bí Yorùbá bá rí ohun tó le, wọn a ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀nà náà di alápá méjì, abúlé inú igbó di ìlú tí ọkọ̀ Èkó àti ti ìlà oòrùn ti ń dúró jẹun, ó sì di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀, Odìgbó tí ìjọba náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìhà kejì, ẹ wo àwọn ìlú irin. Wọ́n gbé rélùwéè fún ilé iṣẹ́ RITES ti Íńdíà ní 1978 kí wọ́n bá wa tún un ṣe. Ní 1988 àjọ rélùwéè Nàìjíríà kéde pé òun ti wọ gbèsè, ọkọ̀ ojú irin kò sì rìn fún oṣù mẹ́fà. Koríko hù láàárín irin, tẹ́ṣàn di ibùsùn ewúrẹ́. Ta ló wá jẹ nínú méjèèjì?

Ìdáhùn mi ni pé Ọ̀rẹ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dúró. Gbogbo ohun tí ó wúwo láàárín Èkó àti ìlà oòrùn, sìmẹ́ńtì, epo bẹntiróò, gẹdú, kòǹténà, orí ọ̀dà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń yí. Bí títì bá ti fọ́, a fọ́ pátápátá. Àwọn tí ó rin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti sùn nínú ọkọ̀ nítorí kòtò. Ẹ̀mí tí ó sọnù lójú ọ̀nà náà kò kéré. Ìlú tí ó ní irin àti títì lè pín ẹrù sí méjì. Ọ̀rẹ̀ kò ní ibi tí yóò pín in sí. Ewu mìíràn tún wà nílẹ̀ tí ó jọ ti 1892. Láti 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títì etí òkun láti Èkó lọ sí Kàlàbá, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 700. Ìhà etí òkun ni ó máa gbà kọjá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ṣe Ọ̀rẹ̀. N kò sọ pé Ọ̀rẹ̀ yóò parun. Mo ń sọ pé agbègbè yìí ti rí i rí kí ọ̀nà tí ó kúrú là níbòmíràn, kí ọjà sì kó kúrò láìdágbére.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn èèyàn wa yóò rẹ́rìn-ín pé ta ni ń fi ẹsẹ̀ rìn fún fàájì láti Odìgbó sí Ọ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà wà níbẹ̀. Ìṣẹ́ ni ìrìn jẹ́ fún àwọn baba wa, ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ wọ̀ tí kò wọ̀ ọ́, ó ń ṣe ẹ̀gbin sí ọlà. Mo gbà. N kò pe ẹnikẹ́ni sí fàájì. Ní Ìlú Ọba, àwọn olùfẹ́ rélùwéè máa ń rin ojú irin tí wọ́n ti pa tì, láti fojú inú wo ọkọ̀ tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà kan. Níhìn-ín kò sí irin tí a pa tì, agbègbè ọ̀nà tí irin pa ni a ní. Ẹni tí ó bá rìn ín yóò mọ̀ nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ohun tí aláàárù fi ń gba owó, yóò sì lóye ìdí tí gbogbo ìlú fi sáré lọ bá irin nígbà tí ó dé. Yóò rí kòkó tí wọ́n sá sí etí títì, yóò rí tírélà gẹdú tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ìtì igi mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn oje igi tútù yóò sì kọjá nímú rẹ̀ kí eruku tó dé. Bí ó bá ń sún mọ́ Ọ̀rẹ̀, afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ sórí oríta náà nígbà tí Rótìmí Akérédolú jẹ́ gómìnà ni yóò kọ́kọ́ rí. Abẹ́ rẹ̀ ni ariwo ìlú wà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ rìn ín o, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú kan dání. Igbó ayé ìsinsìnyí kò ṣeé dá rìn.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí Sátidé ṣáájú? Nítorí ọkọ̀ ojú irin tuntun náà ní ohun tí ó ń kọ́ni kí ẹsẹ̀ tó kọ́ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ó ti ń gbé èrò láti tẹ́ṣàn Mobọ́lájí Johnson ní Ẹbúté-Mẹ́ta lọ sí tẹ́ṣàn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, bí kìlómítà 157, lórí irin tí ó fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ yà sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè, ilé pákó àti bíríkì tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ wo ibi tí àwọn tẹ́ṣàn wà. Ti Abẹ́òkúta wà ní Ladérìn, ti Ìbàdàn wà ní Mọ́níyà, wọ́n jìnnà sí àárín ìlú. Tẹ́ṣàn àtijọ́ ti Ìbàdàn wà ní Dùgbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ti bọ́ sínú ọjà. Láyé ọjọ́un, irin àti ẹsẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ń já èrò sọ́wọ́ oní-táńsì. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ tuntun náà, ó tutù, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọ kò ro ti ẹlẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan, nítorí orúkọ Ọ̀rẹ̀ wà nínú ìwé. Ní 2014 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rélùwéè etí òkun láti Èkó lọ sí Kàlàbá pẹ̀lú ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà, kìlómítà 1,402, ní owó tí ó sún mọ́ bílíọ̀nù méjìlá dọ́là. Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Bìní ni ìlà náà tò. Wọ́n tún gbé e yẹ̀wò ní 2021. Irin kankan kò tíì balẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Bí ó bá balẹ̀ lọ́jọ́ kan, níbo ni tẹ́ṣàn yóò wà, nínú ìlú tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ dé, àbí nínú igbó bíi ti Mọ́níyà? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó ti máa bi Àbújá kí àwọn awọnlẹ̀ tó dé. Kí ó tó di ìgbà náà, iṣẹ́ kan wà tí kò nílò owó Ṣáínà: kí àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó gbé fóònù wọn lọ bá àwọn àgbà tí ó ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù lọ sí etí odò, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ gbà gan-an. Agbábù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.